Ìnṣọ́ránsì Ní Mọ́tò Yín Ti Kú: Ẹ Bá Wọn Ṣírò Rẹ̀

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní London

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n bá yín sọ lónìí, ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti fojú ara wọn rí i, àwọn tí kò sì tíì rí i, bí wọ́n bá wa mọ́tò ní ìlú yìí pẹ́, wọ́n lè rí i. Jàǹbá ṣẹlẹ̀, ẹ dúpẹ́ pé ẹ̀mí kò lọ sí i, wọ́n wá gbé mọ́tò lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì fi ìwé ránṣẹ́ pé àwọn kò ní tún mọ́tò náà ṣe, àwọn ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀, iye báyìí làwọn máa san. Gbogbo wa níbí ń pè é ní write-off.

Ohun tí mo máa ń rí nígbà tí ìwé yẹn bá dé ni pé àwọn ènìyàn wa kan á gba iye yòówù tí wọ́n bá pè, bí ẹni pé ìjọba ló sọ̀rọ̀. Àwọn mìíràn á yarí kanlẹ̀. Wọ́n á ní mọ́tò àwọn kò kú, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń dún dáadáa, àwọn máa gbà á padà, àwọn mọ ọmọkùnrin kan ní Peckham tó máa tún un ṣe. Àwọn méjèèjì ló sábà máa ń pàdánù. Ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kì í ṣe ìjọba. Iye tí wọ́n pè yẹn, wọ́n ń ná ọjà ni, ẹ̀yin sì lẹ ni ọjà náà. Ẹ bá wọn ná an kí ẹ tó pinnu bóyá ẹ máa gba mọ́tò tàbí ẹ máa gba owó. Èyí tó kù nínú ọ̀rọ̀ mi, àlàyé lórí bí wọ́n ṣe ń ná an ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí mọ́tò ṣe ń kú lórí ìwé. Wọ́n á fi iye tí àtúnṣe máa jẹ wéra pẹ̀lú iye tí mọ́tò náà ń lọ lọ́jà kí jàǹbá tó ṣẹlẹ̀. Kò dìgbà tí àtúnṣe bá wọ́n ju mọ́tò lọ. Bí ó bá ti lé ní ìdajì iye mọ́tò, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ á ti jáwọ́, torí pé owó mọ́tò tí wọ́n máa yá yín lò ń bẹ nínú ìṣirò wọn, owó ọgbà tí wọ́n gbé èyí tó bàjẹ́ sí ń bẹ níbẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé àwọn máa rí nǹkan gbà lórí àjákù rẹ̀ bí wọ́n bá gbé e lọ sí gbàǹjo.

Ìdí nìyẹn tí mọ́tò tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ gáréèjì fi lè di òkú kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ wo Corolla tó ti tó ọdún mẹ́tàlá tàbí mẹ́rìnlá, tí iwájú rẹ̀ gbá ẹ̀yìn ọkọ̀ mìíràn nínú gosiló. Bọ́ńpà fọ́, iná iwájú kan fọ́, rádíétọ̀ ń jò, airbag méjì sì ti bẹ́ síta. Lójú tiwa, iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni. Ṣùgbọ́n airbag tó bá ti bẹ́ kò ṣeé ká padà sí àyè rẹ̀. Wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ bẹ́líìtì tó fún ara rẹ̀ mọ́ni láyà lọ́jọ́ náà, wọ́n á pààrọ̀ kọ̀ǹpútà kékeré tó pàṣẹ fún airbag, dáṣíbọọ̀dù tó ya náà á sì lọ. Gáréèjì tí ìnṣọ́ránsì ń lò kì í sáà lọ wá iná àlòkù kiri. Ọ̀pọ̀ ìgbà, tuntun ni wọ́n ń rà, wákàtí kọ̀ọ̀kan tí òṣìṣẹ́ wọn bá sì lò, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé owó. Kí wọ́n tó débi ọ̀dà, owó ti ga ju orí Corolla lọ.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2017, lẹ́tà mẹ́rin ni wọ́n ń fi sàmì sí irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ní Britain: A, B, S àti N. Ṣáájú ìgbà yẹn, C àti D ló wà níbi tí S àti N wà báyìí, owó ni wọ́n sì fi ń mọ ìyàtọ̀ láàárín wọn. Ní báyìí, egungun mọ́tò ni wọ́n ń wò. A ni èyí tí wọ́n máa lọ̀ lódidi, tí a kò gbọdọ̀ yọ nǹkan kan lára rẹ̀. B ni èyí tí wọ́n lè yọ àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ tà, ṣùgbọ́n tí wọ́n gbọ́dọ̀ lọ ara rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí lẹ́tà tiyín bá jẹ́ ọ̀kan nínú méjèèjì yìí, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, mọ́tò náà kò gbọdọ̀ padà sójú títì mọ́. Owó nìkan ló kù tí ẹ máa jà fún.

S àti N ló ń fa ẹjọ́. S ni pé egungun rẹ̀ ti ṣẹ́ tàbí ti yẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé tún ṣe. N ni pé egungun rẹ̀ dúró, nǹkan mìíràn ló bàjẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, N kò túmọ̀ sí pé bíńtín ni o. Bírékì lè wà nínú rẹ̀, sítíárìn lè wà nínú rẹ̀, wáyà tí omi ti wọ̀ náà lè wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ náà ló yẹ kó fi lẹ́tà sí i, àmọ́ lóde òní, ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé fọ́tò ló fi ń wò ó, ní ìlú tó jìnnà sí ibi tí mọ́tò wà. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè àbọ̀ ìwádìí rẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé ó kọ egungun tó yẹ̀ sílẹ̀ níbi tí ó jẹ́ pé páànù ẹ̀gbẹ́ lásán ló tẹ̀, ẹ ní kí ẹnjiníà lọ fojú rí mọ́tò náà. Lẹ́tà tí wọ́n bá fún un lónìí kì í kúrò lára rẹ̀ mọ́ láéláé, bí ẹ tilẹ̀ tún un ṣe kó dùn ún wò ju tàná lọ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín nínú yín. Wọ́n ń rántí àwọn panel beater wa ní Mushin, tó lè mú mọ́tò tí tirela tẹ̀ mọ́lẹ̀, kí wọ́n nà án títí tí olówó rẹ̀ kò fi ní dá a mọ̀. Èmi náà bọ̀wọ̀ fún ọwọ́ wọn. Ṣùgbọ́n iwájú mọ́tò òde òní, ńṣe ni wọ́n dìídì ṣe é kó lè rún, kí agbára ìkọlù tán sí ara irin kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó. Irin tó bá ti rún lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n fi iná rọ̀, tí wọ́n fi òòlù nà, ó lè tọ́ lójú. Bí nǹkan bá tún kọ lù ú, ó lè má rún níbi tó yẹ kó ti rún mọ́, ìgbà tí a bá sì mọ̀ ti pẹ́ jù. MOT, àyẹ̀wò tí òfin ní kí a máa ṣe fún mọ́tò lọ́dọọdún, kò lè fi èyí hàn yín, torí pé ẹni tó ń ṣe MOT kì í tú ara mọ́tò palẹ̀. Ohun tí ojú rẹ̀ bá rí lọ́jọ́ náà ló ń sọ. Nítorí náà, ní tèmi, mi ò ní gbà kí ẹni tó ń fi mọ́tò gbé ọmọ lọ sí iléèwé gba S padà, àyàfi bí ó bá mọ gáréèjì tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn egungun mọ́tò, tí wọ́n á sì fún un ní ìwé ohun tí wọ́n wọ̀n.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sórí owó, torí ibẹ̀ gan-an ni ẹja wà.

Ìyá kan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì pè mí ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Nọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe, ohùn rẹ̀ sì ti rẹ̀. Ó ní, “Bàbá Tọ́lá, wọ́n ní mọ́tò mi ti kú o. Wọ́n ní £3,150 làwọn máa san.” Mo kí i kú ewu, mo ní, “Mà, ṣé ẹ ti fún wọn lésì?” Ó ní, “Wọ́n fi nǹkan ránṣẹ́ sórí fóònù pé kí n tẹ̀ ẹ́ bí mo bá gbà. Wọ́n sì ní ọjọ́ Friday làwọn máa wá gba mọ́tò tí wọ́n yá mi.” Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má tíì tẹ nǹkan kan. Ẹ ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ nípa mọ́tò yín fún mi.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ọdún rẹ̀ pé, àwọ̀ rẹ̀ pé. Nígbà tó dé ibi gíá, wọ́n kọ ọ́ pé aláfọwọ́yí ni. Ìyá náà pariwo: “Ọtomátíìkì ni mo ń wà láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú yìí!”

Ẹ rí i? Ẹnì kankan kò jí i lówó o. Akọ̀wé kan ló ṣi nǹkan kọ, ẹ̀rọ sì ṣe ìṣirò lórí àṣìkọ náà. A jókòó ti ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ yẹn. A wá mọ́tò irú tirẹ̀ gan-an tí wọ́n ń tà lórí AutoTrader: ọdún kan náà, ẹ́ńjìnnì kan náà, ọtomátíìkì, tí máìlì tó ti rìn kò jìnnà sí tirẹ̀, tó sì wà ní London àti àyíká rẹ̀. A ya fọ́tò ìpolówó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, torí pé ìpolówó mọ́tò lè pòórá lálẹ́ ọjọ́ kan. A tẹ ìtàn MOT rẹ̀ jáde láti orí ìkànnì ìjọba, ọ̀fẹ́ ni, gbogbo máìlì tó ti rìn ló wà níbẹ̀ lọ́dọọdún. Ìyá náà sì ní rìsíìtì gbogbo sáfíìsì mọ́tò náà nínú àpò Tesco kan lábẹ́ ibùsùn. A kọ lẹ́tà kúkúrú, kò sí èébú nínú rẹ̀, kò sí ẹ̀bẹ̀ nínú rẹ̀: mọ́tò mi nìyí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jà nìyí, iye tí mo ń bèèrè nìyí. Wọ́n gbé owó náà sókè sí £3,780. Bó bá jẹ́ pé ó ti tẹ fóònù yẹn kí n tó gbé ìpè rẹ̀ ńkọ́?

Àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ní ìwé iye ọjà tí wọ́n ń wò, bíi Glass's àti CAP. Iye tí ọ̀kan máa pè lè yàtọ̀ sí ti èkejì. Ojú tí àwọn Financial Ombudsman, tó ń parí ìjà láàárín oníbàárà àti ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, fi ń wo irú ọ̀rọ̀ yìí ni pé bí àwọn ìwé náà kò bá fẹnu kò, ilé-iṣẹ́ tí kò bá fẹ́ san èyí tó ga jù gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé èyí tó rẹlẹ̀ náà tọ́. Nítorí náà, ẹ bi wọ́n léèrè pé: ìwé wo lẹ wò, kí ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì sọ? Ìbéèrè kan ṣoṣo yìí ti gbé owó ọ̀pọ̀ ènìyàn sókè. Lóṣù kejìlá ọdún 2022, àjọ FCA tó ń ṣọ́ wọn jáde sọ ní gbangba pé kí wọ́n jáwọ́ nínú kí wọ́n máa fi owó tó kéré sí iye ọjà lọ ẹni tí mọ́tò rẹ̀ ti bàjẹ́. Kì í ṣe pé àjọ náà lá àlá o.

Àwọn nǹkan kan wà tí kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé owó sókè, ẹ má fi wọ́n gun orí tẹlifóònù. Táyà tuntun tí ẹ rà lóṣù tó kọjá, epo tó kún táńkì, ẹ̀rọ orin olówó ńlá. Bákan náà, iye tí ẹ rà á kò kàn wọ́n. Iye tí ẹ kọ sínú fọ́ọ̀mù nígbà tí ẹ ń gba ìnṣọ́ránsì náà kò sábà já mọ́ nǹkan, torí pé ohun tó wà nínú ọ̀pọ̀ policy ìlú yìí ni iye tí mọ́tò ń lọ lọ́jà kí jàǹbá tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní mọ́tò ní Nàìjíríà, ẹ má fi òfin ibí wo tibẹ̀. Níbẹ̀, iye tí ẹ kọ sílẹ̀ ni òkè ibi tí ilé-iṣẹ́ lè dé. Nígbà tí wọ́n tú náírà sílẹ̀ lóṣù kẹfà ọdún 2023, tí owó mọ́tò fò sókè, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló wà tó jẹ́ pé iye àtijọ́ ló ṣì wà nínú ìwé wọn. Ẹ pe àwọn ará ilé kí wọ́n lọ tún un kọ.

Ohun kan tún wà tó ń dín owó kù tí a kì í fẹ́ sọ láàárín ara wa. Bàbá ló gba ìnṣọ́ránsì ní orúkọ ara rẹ̀ torí pé tirẹ̀ kò wọ́n, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ló sì ń wa mọ́tò lójoojúmọ́. Lábẹ́ òfin ọdún 2012 lórí ohun tí oníbàárà gbọ́dọ̀ sọ fún ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, bí ènìyàn bá ṣe àìbìkítà nígbà tó ń dáhùn ìbéèrè wọn, wọ́n lè gé owó rẹ̀ ní ìwọ̀n owó tí kò san. Bí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ purọ́, wọ́n lè fagi lé gbogbo rẹ̀. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo rí àwọn tó ń wolẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ti fẹnu kò lórí iye, ẹ ṣì máa yọ excess, ìyẹn iye tí ẹ gbà pé ẹ̀yin fúnra yín máa fi sílẹ̀ bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, kúrò nínú rẹ̀. Bí ẹ bá sì ń san owó ìnṣọ́ránsì lóṣooṣù, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ á yọ èyí tó kù nínú ọdún náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó máa ń dun àwọn ènìyàn wa gan-an, wọ́n á ní mọ́tò ti kú, kí làwọn tún ń san owó lé lórí? Àdéhùn ọdún kan ni, wọ́n sì ti san ẹ̀tọ́ yín lórí rẹ̀. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n máa jẹ́ kí ẹ gbé mọ́tò tuntun sórí policy náà dípò kí ẹ lọ bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Ṣé ó wá yẹ kí ẹ gba mọ́tò náà padà bí ó bá jẹ́ S tàbí N? Ẹ bá mi ṣírò. Ká ní wọ́n gbà pé mọ́tò yín tó £4,200. Excess yín £400. Bí ẹ bá fi mọ́tò sílẹ̀ fún wọn, £3,800 ló máa wọlé. Bí ẹ bá ní ẹ máa gbà á, wọ́n á tún yọ iye tí àwọn ì bá rí lórí àjákù rẹ̀ ní gbàǹjo, ká ní £840. Ó ku £2,960. Gáréèjì wọn ti ní £3,300 ni àtúnṣe máa jẹ, ṣùgbọ́n ẹni tiyín máa lo iná àlòkù àti bọ́ńpà àlòkù, ó máa gba £1,900. Ó ku £1,060 lọ́wọ́ yín, pẹ̀lú mọ́tò tó ní lẹ́tà lára. Mọ́tò bẹ́ẹ̀ kò lè lọ ní iye tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ mọ́. Ká ní ẹni tó máa rà á máa san £2,800. Ẹ rò ó pọ̀: £3,860. Gbogbo wàhálà yẹn, ọgọ́ta pọ́n-ùn ni èrè rẹ̀. Bí ẹni tiyín bá sì tú iwájú mọ́tò, tó pè yín pé, “Ẹ̀gbọ́n, nǹkan kan tún wà lẹ́yìn rádíétọ̀ tí a kò rí tẹ́lẹ̀,” ẹ ti jẹ gbèsè.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn pé kí wọ́n gba owó. Ẹni tí mo máa ń gbà níyànjú pé kó gba mọ́tò padà ni ẹni tí mọ́tò rẹ̀ ti dàgbà, tó jẹ́ N, tó jẹ́ pé ilẹ̀kùn tó tẹ̀ àti ọ̀dà tó họ ni gbogbo ẹjọ́ náà, tí kò sì ní èrò àtità, tó máa wà á títí tó fi máa kú fúnra rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè má tilẹ̀ tún ilẹ̀kùn náà ṣe. Ṣùgbọ́n bí mọ́tò náà bá jẹ́ ti dísẹ́ẹ̀lì tí kò tó ìwọ̀n èéfín Euro 6, tí ẹ sì ń gbé ní London, ẹ rántí pé láti ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni ULEZ, ibi tí wọ́n ti ń gba owó lórí mọ́tò tí èéfín rẹ̀ pọ̀, ti gba gbogbo àgbègbè London, £12.50 ni lójoojúmọ́ tí ẹ bá gbé e jáde. Kí lẹ fẹ́ gbà padà níbẹ̀?

Ẹni tó bá máa gbà á, kó kọ́kọ́ pe àwọn ìnṣọ́ránsì kí ó tó ná kọ́bọ̀ lé e. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan kì í gba mọ́tò tó ti ní S rárá, àwọn mìíràn á fowó lé e, àwọn mìíràn á ní àwọn fẹ́ rí ìwé ẹnjiníà. Bí ó bá jẹ́ S, ẹ gbọ́dọ̀ fi log book, ìwé ìforúkọsílẹ̀ mọ́tò, ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, kí ẹ sì fi fọ́ọ̀mù V62 gba òmíràn lọ́wọ́ DVLA, àjọ ìjọba tó ń forúkọ mọ́tò sílẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. S náà máa wà nínú ìwé tuntun yẹn. Bí ó bá jẹ́ N, log book yín lè wà lọ́wọ́ yín. Bí ẹ kò bá gbà á padà, ẹ fún wọn ní log book, ẹ ya abala aláwọ̀ yẹ́lò rẹ̀ pamọ́, kí ẹ sì fúnra yín sọ fún DVLA. Ẹni tí kò bá sọ, owó ìtanràn rẹ̀ lè tó £1,000. Owó táàsì oṣù tó kù, wọ́n á dá a padà fún yín. Ẹ̀yin tí orúkọ yín wà lára nọ́ńbà mọ́tò, mo ti rí “ADE” àti “OLA” níta, £80 ni ẹ máa san kí ẹ lè mú un kúrò, ẹ sì ṣe é kí wọ́n tó san owó yín. Bí wọ́n bá ti gbé mọ́tò lọ tán, nọ́ńbà ti bá a lọ.

Ìbéèrè tí wọ́n sábà máa ń bi mí níbi ayẹyẹ ni pé: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n gba òkú mọ́tò mi kí n fi ránṣẹ́ sí Lagos?” Rárá. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti kúrò ní apá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún. Ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn mọ́tò ibí wà, Kọ́sítọ́ọ̀mù kò sì gba irú rẹ̀ láyè láti wọlé. Apá ọ̀tún ni Benin àti Togo náà ń wà, ẹ má ronú Cotonou. Ohun tó ń lọ láti ibí ni ẹ́ńjìnnì, gíá, ilẹ̀kùn àti iná, àwọn tí ẹ ń rí ní òkìtì-òkìtì ní ọjà Ládípọ̀.

Mọ́tò odindi tó ti kú lórí ìwé, ọ̀dọ̀ àwọn ará wa ní Amẹ́ríkà ló ti ń lọ sílé. Níbẹ̀, ìpínlẹ̀ á kọ “salvage” sínú ìwé mọ́tò náà, wọ́n á gbé e lọ sí gbàǹjo bíi ti Copart, ẹni tó mọ̀nà á rà á, á sì gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tó bá fi máa jáde ní ọgbà àwọn tó ń ta mọ́tò ní Lagos, wọ́n ti kùn ún, wọ́n ti fọ̀ ọ́, ó ti di tòkúnbọ̀ tó ń dán. Bí ẹ bá fẹ́ ra tòkúnbọ̀ fún màmá nílé, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fi nọ́ńbà VIN rẹ̀ ránṣẹ́ kí ẹ tó fowó ránṣẹ́. Lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún ni. Ẹ san owó kékeré wá ìtàn rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ máa rí fọ́tò ọjọ́ tó kú. Ẹni tí kò bá fẹ́ fi VIN hàn yín, ẹ sọ fún un pé ẹ ti rí òmíràn.

Ọ̀rọ̀ gbèsè ńkọ́? Bí ẹ bá fi fáínáǹsì ra mọ́tò, ìbáà ṣe HP tàbí PCP, ilé-iṣẹ́ tó yá yín lówó ló ni ín títí ẹ ó fi san án tán. Òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ san owó fún, èyí tó bá ṣẹ́kù ló kàn yín. Bí gbèsè bá ju iye ọjà lọ, ẹ̀yin lẹ máa san ìyókù, àyàfi bí ẹ bá ní ìnṣọ́ránsì GAP tó ń san irú ìyókù bẹ́ẹ̀. Ẹ wo inú ìwé tí ẹ gbà lọ́wọ́ ẹni tó ta mọ́tò fún yín, torí ọ̀pọ̀ ló ti sanwó GAP láìmọ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló kọ lù yín, ẹ lè bá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sọ ọ́ tààrà. Kò ní sí excess. Àmọ́ ẹ kì í ṣe oníbàárà wọn, Ombudsman kò sì lè bá yín dá sí i bí wọ́n bá rẹ́ yín jẹ. Ilé ẹjọ́ ló kù. Àwọn kan á tún pè yín lórí fóònù, ohùn wọn á dùn bí oyin, pé àwọn máa fún yín ní mọ́tò ńlá lọ́fẹ̀ẹ́. Kì í ṣe ọ̀fẹ́. Owó ojoojúmọ́ ń gun orí orúkọ yín, wọ́n ń retí pé ìnṣọ́ránsì ẹni tó jẹ̀bi ló máa san án. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ máa rí ìwé ẹjọ́ lórí àdéhùn tí ẹ̀yin fúnra yín fọwọ́ sí láìkà.

Ìkánjú ló ń ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ jù. Mọ́tò tí wọ́n yá yín ń lọ, iṣẹ́ ń dúró, ọmọ ń dúró níwájú iléèwé. Ẹ lè sọ fún wọn pé kí wọ́n san iye tí àwọn fúnra wọn ti gbà pé ó tọ́ sí yín, kí àríyànjiyàn sì máa lọ lórí ìyókù. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé ẹ kò gbà á gẹ́gẹ́ bí àsanparí. Bí wọ́n bá kọ etí ikún, ẹ kọ lẹ́tà ẹ̀sùn, kí ẹ sì pe orúkọ rẹ̀ ní ẹ̀sùn, kì í ṣe ìbéèrè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n ní láti fún yín ní èsì ìkẹyìn. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá fi èsì náà ránṣẹ́, oṣù mẹ́fà lẹ ní láti gbé e lọ sọ́dọ̀ Financial Ombudsman, ẹ kò ní san kọ́bọ̀. Bí ìdájọ́ Ombudsman bá jáde tí ẹ gbà á, ilé-iṣẹ́ kò lè kọ̀ ọ́. Bí ẹ kò bá sì gbà á, ilé ẹjọ́ ṣì wà fún yín.

Ẹni tó bá mú lẹ́tà tirẹ̀ wá lónìí, kó dúró dè mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ìwé policy ni màá kọ́kọ́ bèèrè, lẹ́yìn náà ni màá bèèrè iye máìlì tí mọ́tò ti rìn.